Òwú Tí Mo Pè Ní Kànìnkànìn

Iléṣà,
Oṣù Kẹrin, 1974.

Julianah ọmọ mi,

Bàbá rẹ Amos ló ń kí ọ láti ilé. Kú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn o, kú ìnira Èkó, kú àìrójú sùn. Ọwọ́ tí o fi ń gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́ kò ní gbọ̀n. Ọkọ rere tó mọ ọ̀nà ilé àna yóò wá ọ kàn. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí náà bí o bá rí ibi tí tàdáwà ti ṣàn, ọwọ́ mi ni, kì í ṣe omijé.

Ilé wà. Kòkó ti ń yọ òdòdó. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí akọ méjì, n kò rí ẹni tí n ó sọ ọ́ fún lọ́jọ́ náà, òun ni mo fi ń sọ ọ́ fún ọ báyìí.

Mo fẹ́ ròyìn ẹ̀rọ ọ̀rinrin tí o fi ránṣẹ́ nígbà ọyẹ́, èyí tí o ní dókítà òyìnbó tó ń padà sílé ló fi ta ọ́ lọ́rẹ, tí o ní yóò dá ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ní imú mi dúró. Bándélé òṣìṣẹ́ rélùwéè gbé e lé mi lọ́wọ́ ní tèṣàn Òṣogbo, ó ní kí n má jẹ́ kó ṣubú. Láti Old Garage títí dé Iléṣà, orí itan mi ló wà bí ọmọ tuntun. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ bi mí bóyá rédíò ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí n kò mọ bí mo ṣe lè sọ fún un pé ọmọ mi fi afẹ́fẹ́ tútù ránṣẹ́ sí mi nínú páálí.

Mo ka ìwé tí o kọ sínú rẹ̀. O ní omi ni kí n máa bù sí i, kí n máa ti fèrèsé kí ọ̀rinrin má bàa jáde, kí n máa fọ òwú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ó bá sì gbó kí n fi tuntun tó wà nínú páálí pààrọ̀ rẹ̀. Julianah, òwú ni o kọ. Èmi mọ òwú. Òwú wà nínú àtùpà, òwú wà nínú sítóòfù. Mo ti gbé agolo kẹrosíìnì dání, mo ti ń wá ìṣáná nínú àpò, kí n tó rántí pé omi lo wí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìbá jẹ́ pé n kò rántí ni, inú ìwé ìròyìn ni ìwọ ì bá ti ka ọ̀rọ̀ mi.

Mo wá òwú tuntun náà títí, n kò rí nǹkan tó jọ òwú. Ohun tí mo rí ni kànìnkànìn méjì, funfun, wọ́n nípọn, wọ́n ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Mo ní ọmọ yìí mà mọ ìtọ́jú bàbá o. Mo fi ọ̀kan wẹ̀, ó dára fún ẹ̀yìn gan-an. Ìkejì ni mo fi ta ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lọ́rẹ, wọ́n fi ń nu pátákó, wọ́n sì dárúkọ rẹ nínú àdúrà.

Ẹ̀rọ náà dára. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tó bá di àárọ̀ omi inú rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, n kò sì ní rí ẹni tó mu ún. Imú mi kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ Phebe ti lọ, kò sí ohun tó ń dún nínú ilé yìí àfi èmi, èmi náà kì í sì í dún púpọ̀. Nítorí náà bí mo bá fẹ́ jẹun, n ó bu omi tèmi, n ó bu tirẹ̀, n ó ní ó yá, jẹ́ ká mu. Má rẹ́rìn-ín.

Ní ti òwú fífọ̀, mo ṣí i lókè, mo rí nǹkan kan tó dúró sínú omi, mo rò pé ìfun rẹ̀ ni. A kì í sì í tú ikùn àlejò wò. Mo dé e padà.

Nígbà tí oṣù Kejì ń parí lọ, ọ̀fìnkìn mú mi, imú mi dí pátápátá, ọyẹ́ sì tún le sí i. Mo rò ó pé bí fèrèsé bá lè jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde, ilẹ̀kùn ńkọ́? Ni mo bá ti gbogbo rẹ̀ pa, mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń mu gààrí nínú yàrá. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn n ó dákẹ́, kí n má bàa fi ọ̀rinrin ṣòfò. Àwọn tó kàn án kò kúkú pọ̀. Ọjọ́ ìsinmi pé, n kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àṣé òwú tí n kò fọ̀ ti rà sínú omi. Ó ń rùn, ẹ̀rọ sì ń fẹ́ òórùn náà gba abẹ́ òrùlé jáde sí gbogbo àdúgbò, imú mi tó dí kò gbọ́ nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn fọ́. Ọlágòkè káfíńtà ló kọ́kọ́ wọlé, ó fi aṣọ bo imú, Láńrewájú tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tẹ̀lé e. Wọ́n ká ẹní dání. Julianah, ẹní tí wọn yóò fi gbé òkú mi ni. Mo wà lórí àga, mo ní ẹ káàárọ̀ o. Ọlágòkè pariwo Jésù, ó sá padà sẹ́yìn, ó tẹ Láńrewájú lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó gbọ́ òórùn náà tó sì pè wọ́n ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Màmá Susannah. O mọ̀ pé ilé wa dojú kọra. O tún mọ̀ pé láti ìgbà ìsìnkú ìyá rẹ, tí wọ́n ní àgbàlá baba àwọn ni ká sin ín sí, tí mo ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá rẹ fúnra rẹ̀ fẹ́, wọn kò kí mi mọ́. Bí mo bá ń kọjá, ògiri ni wọ́n máa ń kọjú sí. Láàárọ̀ yẹn, wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi bí òṣómàáló tó wá sin gbèsè, wọ́n káwọ́ lérí, omijé ń dà. Wọ́n ní ṣé mo wà láàyè ni mo jẹ́ kí àwọn sunkún láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kí n má dá àwọn lóhùn. Wọ́n ní àwọn kò mọ ohun tí àwọn ì bá wí fún ọ, wọ́n ní bí Phebe bá bi àwọn lọ́run pé ta ló ń wo ọkọ òun, kí ni àwọn yóò fi dáhùn? N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan ń wò ó bóyá mo ṣílẹ̀kùn tàbí n kò ṣí i.

Màmá Susannah bá wọlé, wọ́n tẹ̀lé òórùn náà dé ìdí ẹ̀rọ, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fa nǹkan náà jáde. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá àná, òkè rẹ̀ sì le gbagidi, ó hu funfun bí inú kẹ́tùrù. Wọ́n ní kí nìyí. Mo ní n kò mọ̀. Láńrewájú wò ó, ó wò mí, ó ní Bàbá, èyí mà jọ dọ́sítà wa tí ẹ fi ta wá lọ́rẹ.

Bí a ṣe mọ òwú nìyẹn: ohun tí mo pè ní kànìnkànìn ni. Èyí tí mo fi ń wẹ̀ ti ja, ọṣẹ ti kún inú rẹ̀. Láńrewájú lọ mú dọ́sítà wá, Màmá Susannah fi omi lásán fọ̀ ọ́ títí ẹfun fi tán lára rẹ̀, wọ́n fi osàn wẹ́wẹ́ bó gbogbo funfun tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, wọ́n ṣàn án, wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yàrá mi ń rùn bí kíláàsì. Lẹ́yìn náà ó dára. Fìlà mi àtijọ́ ni wọ́n fi ń nu pátákó báyìí.

Láti ìgbà náà ni Màmá Susannah ti ń wá nírọ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn kò lè fi òwú sílẹ̀ fún mi. Wọ́n á fà á yọ, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á dá a padà. Lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó, wọ́n ní ọyẹ́ ń mú àwọn náà lọ́fun. Nígbà mìíràn wọ́n á gbé iyán wá. Nígbà mìíràn a ó tún jà lórí ibi tí a sin ìyá rẹ sí, inú wa á bàjẹ́, wọ́n á dìde lọ láìdágbére. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún wá wo òwú.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Fi òwú mìíràn ránṣẹ́ kíákíá, dọ́sítà ti ń gbó. Bí o bá rí owó díẹ̀, fi kún un, nítorí àwọn oníná ti ń bi mí léèrè ohun tí mo ń fi iná ṣe. Mo mọ̀ pé o kọ ọ́ pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí n pa ẹ̀rọ, kí n sá òwú rẹ̀ gbẹ, kí n kó o sínú páálí di ọdún tó ń bọ̀. Mo kà á dáadáa. Òjò ti dé, ògiri ń làágùn, bàtà mi ti bu funfun lábẹ́ ibùsùn. N kò tíì pa á. Bí mo bá pa á, kí ni wọn yóò máa wá wò? Lánàá Màmá Susannah fọwọ́ kan ògiri, wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n nù ún sára ìró, wọ́n ní ọyẹ́ ọdún yìí mà pẹ́ o. Mo ní ó pẹ́ púpọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀fun rẹ gbẹ ní Èkó. Ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ kò ní wọ́n ọ.

Èmi ni,
Amos, bàbá rẹ.