Iṣẹ́ Tó Wà Lọ́wọ́ Ẹsẹ̀ Karùn-ún

Bàbá mi àtàtà,

Agogo kan dún lórí tábìlì tí ẹ ti máa ń tún rédíò ṣe láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo ṣe é. Màámi tẹ bọ́tìnnì lórí ibùsùn wọn lókè, ó sì dún lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, láìsí wáyà kankan láàárín wa. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ìgbà tí ẹ ti lọ, àtẹ̀gùn ilé Jakande yìí kò sì mọ àgbà.

Ṣíìpù kékeré kan ló ń darí agogo náà, kò tó èékánná àtàǹpàkò mi, ẹsẹ̀ irin tín-ín-rín mẹ́jọ ló ní. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ahọ́n tọ́ bátìrì wò kí ẹ tó gbà pé ó ti kú, kí lẹ bá ṣe sí èyí? Torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ẹsẹ̀ kan lè mọ iṣẹ́ méjì, ẹni tó ń kọ àṣẹ sínú rẹ̀ ló máa yan èyí tó máa ṣe. Ohun téèyàn bá sì ti kọ sínú rẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́. Mẹ́ta péré ni ọ̀rẹ́ mi bá mi mú bọ̀ láti òkè òkun.

Mo so agogo mọ́ ẹsẹ̀ karùn-ún, mo ní kó máa gbé iná jáde. Kò gbé nǹkan kan jáde. Mo lo ṣíìpù kejì, bákan náà ló rí. Mo bú ẹni tó tà á, mo bú ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tó ku ẹyọ kan ni mo tó jókòó ka ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ní kí n ṣe. Àṣé bí iná bá ṣe ń wọ ṣíìpù yìí, iṣẹ́ kíka ìwọ̀n iná tó ń wọlé ni ẹsẹ̀ karùn-ún máa ń kọ́kọ́ dì mú. Béèyàn ò bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ṣe òmíràn. Kò bàjẹ́ rárá.

Ẹ̀yin ni mo rántí. Bí sùtánà ìjọ bá ti wà lọ́rùn yín, ẹ kì í dáhùn ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Oníbàárà lè tẹ̀lé yín láti Ajah dé ẹnu ọ̀nà ìjọ, ẹ ò ní wo rédíò ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ máa ń gbé e kọ́ sí, ẹ ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tí àyọ́ọ̀nù ti jó lu, ẹ ó wá pè mí: “Ó yá, mo ti bọ́ ọ. Kí lọ̀rọ̀?”

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé pé wọ́n ti gbà mí sílé ẹ̀kọ́ láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo sáré wá bá yín ní ìjọ. Ẹ kàn gbé ọwọ́ sókè sí mi, ẹ ń bá àdúrà lọ. Inú bí mi. Nígbà tí ẹ délé tí ẹ pè mí, mo ní kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ kó dùn yín díẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹta lẹ sùn tí ẹ ò jí. Kí ló dé tí n ò lè dúró kí ẹ bọ́ aṣọ? Ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni mo pa? Ó ṣì ń dùn mí, Bàbá.

Agogo tún ti dún. Mo sáré gòkè, Màámi kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti jẹun ni. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé.

Sùtánà yẹn la fi sin yín, bí ìjọ ṣe ń ṣe, n ò sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ bá mi bọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n gbà mí sílé ẹ̀kọ́, Bàbá. Mo tiẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde.

Èmi ni,
ọmọ yín, tó jókòó sórí àga yín.