Wíìlì Tí Ràsákì Fi Iná Jó

                                                            Ojúlé Kejìlélógún,
                                                            Òpópónà Akínfẹ́nwá,
                                                            Agége, Èkó.
                                                            Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Abdulmumin, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ìyá wa ti le lẹ́yìn ibà ọjọ́sí? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń lọ sí ilé kéwú déédéé? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ọjà aṣọ rẹ̀ ń tà? Òjò tibí ṣì ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n háyà rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn nínú ilé mi. Hassanat ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Uswat ọmọ mi náà kí ọ; orúnkún rẹ̀ ti jinná. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣe orúnkún náà fún ọ, torí ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́.

Mo gbọ́ pé Ràsákì ń bọ̀ wálé sí Ogbómọ̀ṣọ́ ní ìparí oṣù yìí, àti pé o ti ní kó bá ọ mú wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ le sí i. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án.

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kan náà ni èmi àti òun jọ wà ní Oregun. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe ike, òun ni jórinjórin wọn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó ti jó géètì, ó ti jó àga, ó ti jó àkàbà, wọn ò ṣubú. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó ti wá gbà pé kò sí àrùn tí iná kò lè wò. Bí ìlẹ̀kùn bá ń dún, á ní kí wọ́n jó o. Bí ẹsẹ̀ tábìlì bá ń mì, iná ni. Ó máa ń sọ pé, "Irin tí kò bá tíì rí iná, ọmọdé ni." Ọjọ́ tí eyín bá ń mì lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, mi ò mọ ohun tó máa ṣe.

Kẹ̀kẹ́ mi, èyí onítáyà fífẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Láràárọ̀ ni mo ń gbé Uswat sẹ́yìn láti Agége, màá já a sílẹ̀ níléèwé rẹ̀ ní Ọgbà, màá wá gba Àgídìńgbì lọ síbi iṣẹ́. Mo ti ṣírò rẹ̀: owó ọkọ̀ èmi àti ọmọ lóòjọ́ tó oúnjẹ ọ̀sán ilé wa. Ṣùgbọ́n ihò ojú ọ̀nà kò mọ ẹni tó ń ṣọ́wó ná. Wíìlì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sọ́tùn-ún, yẹ̀ sósì. Àwọn sípóòkì, ìyẹn wáyà tín-ín-rín tó so àárín wíìlì mọ́ rímù, ti dẹ̀. Mo ní tó bá di Sátidé, màá fún wọn.

Nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, mo bá èrò nídìí kẹ̀kẹ́ mi. Ràsákì dúró láàárín wọn, ó gbé ìbòjú tó fi ń jórin sórí bí adé.

Ó ní, "Mùíbì, dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo ti bá ọ jó gbogbo rẹ̀ pọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ mo wò ó. Gbogbo ibi tí sípóòkì ti gba orí ara wọn kọjá ló ti jó. Ó tún jó orí wọn mọ́ rímù, ọ̀kan kò ṣẹ́ kù.

Mo ní, "Ràsákì, ta ló bẹ̀ ọ́?"

Ó ní, "Ṣé dandan ni kí ọ̀rẹ́ bẹni kó tó ṣeni lóore?"

Ni àwọn tó kù bá ń pariwo, "Ràsá, baba irin!" Àwọn tí kò ní kẹ̀kẹ́ kankan ló ń pariwo o.

Abdulmumin, sípóòkì kì í ṣe ọ̀pá géètì. Fífà ló ń fa rímù mọ́ra, bí okùn ṣe ń fa àgọ́ kó má baà wó. Èyí tó bá dẹ̀, a lè fún un. Èyí tó bá ti rí iná ti gan, kò ṣeé fún mọ́, kò sì lè tẹ̀ kó tún nà. Wíìlì náà gbé mi délé lálẹ́ ọjọ́ náà láì mì rárá. Òkú náà kì í mì.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, nígbà tó ku díẹ̀ ká dé iléèwé Uswat, a gun orí gegele kan. Mo gbọ́ pá, pá, pá, bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Wíìlì ká kò, èmi àti ọmọ wà nílẹ̀. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ yanrìn ni Uswat bọ́ sí. Orúnkún rẹ̀ bó, ó sì sunkún wọ kíláàsì.

Hassanat kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá Uswat, ọmọ mi ò gun kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́, àfi tí èmi fúnra mi bá rí i pé ó dáa." Láti ọjọ́ yẹn, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń gbé ọmọ, tí wọ́n ń fún un mọ́ra bí ẹ̀kọ inú ewé, tó ń pẹ́ dé iléèwé. Ràsákì ńkọ́? Ó ní ọ̀nà ló burú, iṣẹ́ òun kò burú. Ó ní ká ní mo jẹ́ kí òun jó táyà náà mọ́ ọn ni, kì bá tí ká. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń ṣeré. Mi ò rò pé òun náà mọ̀.

Mo wá lọ sọ́dọ̀ Adéìfẹ́, ọmọ Èkìtì kan tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ lẹ́bàá ojú irin ní Agége. Ó kọ́kọ́ gbé wíìlì pupa kan jáde, ẹsẹ̀ irin márùn-ún ló ní dípò sípóòkì.

"Ẹ̀gbọ́n, kò ní sípóòkì rárá. Kí ló fẹ́ já?"

"Bó bá tẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ó wá ra òmíràn ni."

O ò rí ọlọ́jà! Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún náírà ló pè é. Dídán wà nínú owó náà, agbára ò sí níbẹ̀. Ó gbé òmíràn wá; mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jin bíi páànù. Èyí tí mo mú, eruku ló bò ó. Mo yọjú wo ihò tí imú tíúbù ń gbà jáde, mo rí i pé inú rímù pín sí yàrá méjì, ògiri wà láàárín. Sípóòkì rẹ̀ mẹ́rìndínlógójì, wọ́n sì sanra. Mo fi èékánná ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀, àfi méjì tí mo ní kó fún lójú mi. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún ni mo san. Wíìlì iwájú kò gbé ẹrù, n ò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo gbé e délé, tí mo sì dè é mọ́ kẹ̀kẹ́, Hassanat wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. O mọ Hassanat. Kì í fúyẹ́ bí ewé. Ó ní kí n gba orí gegele yẹn gan-an. Mo gbà á. Ó ní kí n padà, kí n tún gbà á, kí n má rọra. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò wá bíi sinimá. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ mi wíìlì náà, ó gbọn aṣọ rẹ̀, kò yìn mí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Mọ́ńdè, òun fúnra rẹ̀ ló gbé Uswat sẹ́yìn mi.

Irú wíìlì bẹ́ẹ̀ ni kí o wá. Wo inú ihò rẹ̀, ta sípóòkì rẹ̀, fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Bí Ràsákì bá dé, fún un lóúnjẹ, kí o sì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ wọ yàrá. Bá mi kí ìyá wa àti gbogbo ilé. Èmi ti ra ṣéènì àti àgádágodo, mo ń fi ti kẹ̀kẹ́ mi mọ́ òpó níbi iṣẹ́. Kì í ṣe nítorí olè.

                                                            Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní gbàgbé rẹ,
                                                            Mùíbì.