Orúkọ Yín Nínú Ìwé Àwọn Àgbẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Yàrá Mafolúkù tí ẹ máa ń dé sí náà ni mo ṣì wà. Bàálù ò yéé kọjá lórí òrùlé wa. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń dákẹ́ tí ọ̀kan bá ń kọjá, tí ẹ ó dúró kí ariwo rẹ̀ tán, kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀ yín níbi tí ẹ ti dá a dúró. Ilé ti dákẹ́ jù báyìí. Tí mo bá ti iléeṣẹ́ dé láti Ìsọlọ̀, ó di ọjọ́ kejì kí n tó tún gbọ́ ohùn èèyàn.

Ohun kan wà tí mo ṣe tí n kò lè sọ fún ẹlòmíràn. Fóònù yín ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń ra káàdì sí i kí wọ́n má baà gba nọ́ńbà náà. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣí fìlà tí àwọn tó ń san owó ìrànwọ́ ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ bá pè yín? Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, pé ṣé ìjọba ń rí yín ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú yín tí arábìnrin kan pè láti ọ́fíìsì wọn, ó ń béèrè yín. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹnu mi ní ẹ ti lọ sóko. Ó ní kí n bá òun kí yín. Bàbá, inú mi dùn. Kò sẹ́ni tó ní kí n kí yín mọ́ láti ìgbà tí a ti sin yín. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Bó bá ti pè, ẹ wà lóko, tàbí ẹ lọ wẹ̀. Mi ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, Ọlọ́run ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n irọ́ mi ti ṣe ẹlòmíràn léṣe. Ẹ mọ Ìyá Kúdí, opó tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko yín lábúlé, tí kò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Òun ni mo ní kó máa lo ilẹ̀ yín kí igbó má baà gbà á, ó sì gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún owó ajílẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ kan, orúkọ kan ni. Wọ́n ní olóko ṣì wà láàyè, àwọn ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó pè mí. Kò bú mi. Ó kàn ní ewé ẹ̀gẹ́ òun ti ń pọ́n torí kò rí ajílẹ̀, pé tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, wọn ò ní gba orúkọ mọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun. Kí lẹ̀ bá ti wí fún mi, Bàbá?

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ pé ọdún méjì. Lánàá, nígbà tí wọ́n ní ká lọ jẹun, mo dúró síbi tí tírélà ti ń kó ẹrù, mo fi fóònù yín pe arábìnrin náà. Ó ti ń kí bàbá àgbẹ̀ kí n tó lanu.

"Bàbá mi ti kú, mà," mo wí. "Ó ti lé lọ́dún kan."

Mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àgbà lẹ jẹ́. Nígbà ìsìnkú, gbogbo wa là ń sọ pé ẹ ti sinmi, pé ẹ ti relé. Kò sẹ́ni tó pe ikú lórúkọ.

Arábìnrin náà bá mi kẹ́dùn. Kò bá mi jà. Ó béèrè ẹni tó ń dá oko náà, ó sì kọ orúkọ Ìyá Kúdí sílẹ̀. Ó ní ṣé kí òun pa tiyín rẹ́. Mo ní kó pa á rẹ́.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ, omijé ò jẹ́ kí n ríran. Ọ̀gá wa béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní bàbá mi ló kú. Ó ní nígbà wo. Mo ní, "Lónìí ni."

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi sílẹ̀ ní Mafolúkù, tó fẹ́ràn yín.