Gbogbo Wọn Ni Mo Sọ Fún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ara mi le, òtútù ibí kò rí mi gbé ṣe. Wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá níbi tá a ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Èèyàn méje ló wà lábẹ́ mi. Mẹ́fà ń sọ Yorùbá bíi tèmi, ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́ ọ. Ìyá Ẹ̀rín là ń pè é, torí tá a bá ti rẹ́rìn-ín, òun náà á rín tiẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi Yorùbá pín iṣẹ́ bí ìṣe mi. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ ńlá tá a fi ń lọ aṣọ, ó ti bàjẹ́. Kí n tó mu tíì mi tán, mo gbọ́ igbe. Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Ẹ̀rín ti bó.

Máníjà bi mí pé, “Ṣé o kìlọ̀ fún gbogbo wọn?”

Mo ní, “Gbogbo wọn ni mo sọ fún, sà.”

Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo wọn ló kúkú dúró níbẹ̀. Ni wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìgbọràn ni. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á lé e.

Èdè ibí tó ń há mi lẹ́nu ni mo fi ń pín iṣẹ́ báyìí. Àwọn tiwa ń pariwo pé, “Ọ̀gá, ẹ rọra, ahọ́n yín á kán o!” Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rín mọ́, ẹnu mi ló ń wò. N kò tíì padà lọ bá máníjà.

Ẹ kí àwọn ọmọ. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé mo ti di ọ̀gá, ẹ̀rín sì pọ̀ níbi iṣẹ́ wa.

Àbúrò yín.