Ìlẹ̀kùn Tó Ń Jẹ́ Iṣẹ́ Àná

                                        Yàrá Kẹrìnlá,
                                        Ilé Ìtọ́jú Àgbà.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ọmọ rẹ àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ dé láàárọ̀ yìí pé Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń kó ọ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, kí n wá ká fojú kan ara wa. Mo ti wọ bàtà kí n tó kà á tán.

Àmọ́ mi ò lè jáde. Nígbà tí mo ṣubú ní bàlùwẹ̀, dókítà kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé mi ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu-ọ̀nà ọgbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ara mi ti dá, ó sì kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà bá tẹ nọ́ńbà yàrá mi, "kò gbọdọ̀ jáde" ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń wí. Mo fi ìwé dókítà hàn án. Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ̀rọ bá sọ lèmi gbọ́."

Àfọwọ́fà ni o, ọ̀rẹ́ mi. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jáde ni ẹ̀rọ náà máa ń kọ́kọ́ lọ wo àkọsílẹ̀ dókítà, èmi á dúró títí ẹsẹ̀ á fi máa ro mí. Mo bú ọ̀gá kọ̀ǹpútà wa níṣojú gbogbo ilé, mo ní ìgbín ló kó sínú àpótí yẹn. Ló bá tún un tò: bó bá ti béèrè lẹ́ẹ̀kan, kó tọ́jú èsì náà, kó máa fi dáhùn fún ọgbọ̀n ọjọ́. Kíá ló ń dáhùn báyìí! Bí ẹni tí a rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tó wá jókòó sílé tó ń jẹ́ iṣẹ́ àná. Èmi olórí kunkun sì gbìyànjú àtijáde lọ́sẹ̀ tí mo ṣubú gan-an. Ibẹ̀ ló ti gba èsì burúkú yẹn mú.

Lánàá, ọ̀gá náà wá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ṣé kí n pa èsì àtijọ́ yẹn rẹ́? Ẹ sáà sọ pé ẹ jọ̀ọ́." Èmi? Kí n bẹ ọmọ tí mo fi àádọ́ta ọdún jù lọ? Mo ní kó fi sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Ó sì fi sílẹ̀. Lẹ́tà rẹ ò tíì dé nígbà náà.

Lónìí mo ní kí ẹ̀ṣọ́ bá mi pè é. Mo bẹ̀ ẹ́, Eyínfúnjowó. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Ó ní òun ti rìnrìn àjò, ibí nìkan lòun sì ti lè tún un ṣe, ó di Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ò tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Afọṣọ wa ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bá mi kí ọmọ rẹ, kí o kí ìyàwó rẹ̀. Sọ fún ọmọ rẹ pé bí ẹ bá ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì, kó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wa, kó dúró díẹ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n wò: àlàfo àárín irin ọgbà gba ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Na tìrẹ wọlé.

Èmi ẹni rẹ ni,
Ìyá Alágídí.