Ṣúgà Inú Àpò Ẹ̀wù Yín

Bàbá Nílúfà,

Mo ti ti ọ̀dọ̀ dókítà eyín dé. Àǹtí Tàhírè ti Tẹhẹránì wọlé, mo sáré lọ kí i nílé Màmá. Ìrẹsì wà lórí iná. Ẹ má ha ìdí ìkòkò jẹ tán o.

Mo sọ fún dókítà pé ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti há hóró ṣúgà sí eyín mu tíì kẹ́yìn. Dókítà ọ̀hún, ọmọ tí kò ju Nílúfà wa lọ! Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ki kámẹ́rà tí kò ju bírò lọ bọ̀ mí lẹ́nu, ni eyín mi bá yọ gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà. Ihò rèé lápá òsì, ibi tí ṣúgà máa ń jókòó sí gan-an.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ yìí kì í wojú àgbà."

Ojú tì mí. Kí n tó ka ìwé ìròyìn kan tán, ẹ̀rọ mìíràn ti gbẹ́ eyín tuntun, wọ́n sì ti fi dé ti àtijọ́ lórí.

Ẹ̀yin ló kàn ní Sátidé. Ẹ má wá abọ́ ṣúgà, mo ti gbé e lọ. Ẹyọ kan tí ẹ fi pamọ́ sápò ẹ̀wù òtútù yín, mo ti rí òun náà.

Mo ti fi mu tíì. Apá ọ̀tún ni mo há a sí.

Ìyá Nílúfà