Ilé Baba Baálẹ̀ Lórí Yẹ̀pẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kejì, 1858
Mo ya ilẹ̀ wa sórí yẹ̀pẹ̀ lábẹ́ igi ìyeyè. Eérú ni odò, ewé tútù ni igbó, koríko gbígbẹ ni ọ̀dàn níhà àríwá. Òkúta ni ìlú. Jìmí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, gbé òkúta fún abúlé wa, ó tóbi ju ti Ìbàdàn lọ — mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ dùn jọjọ.

Ìṣẹ́gun, 9
Adétutù, ọmọ Baálẹ̀, béèrè bóyá ojo ni àwọn baba wa tí wọ́n fi sá kúrò lọ́dàn òkè ọ̀hún. Àwọn ọmọ kan ń fi bú u lọ́nà odò. Mo ní kó di ọ̀la.

Ọjọ́rú, 10
Mo dá a lóhùn. Ọ̀dàn tẹ́jú, ẹni tó lẹ́ṣin ló ń jọba níbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ lẹ́ṣin, ta ni yóò dán an wò? Ẹṣin wá pọ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin, wọ́n gbógun dé, kò sí ibi ìsápamọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nínú igbó, igi á dí ẹlẹ́ṣin lọ́nà, àìsàn á sì pa ẹṣin. Ni àwọn baba wa bá kọjú sígbó.

Baálẹ̀ — Onírùngbọ̀n ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí — ń kọjá lọ, wọ́n dúró gbọ́ díẹ̀. Orí mi wú. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo bá na òsì sí òkúta kan lọ́dàn: “Baba, ìlú baba yín rèé.” Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áńbọ̀ǹtorí ilé baba oníbaba. Wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́, ó di ilé.

Ọjọ́bọ̀, 11
Ọmọ kankan ò wá. Bí Baálẹ̀ ò bá dá tiwọn padà, kò sẹ́ni tí yóò rán tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tú nìyẹn. Àrínọlá ìyàwó mi ní, “Ọwọ́ òsì, bàbá Múyì! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ!”

Ẹtì, 12
Inú mi bàjẹ́. Mo jẹ iyán síbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 13
Àrínọlá tún sọ̀rọ̀ — bó bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ lásán ni Baálẹ̀ rí, kí ni ìbá bí wọn nínú? Ilé baba wọn gan-an ni wọ́n rí. Áà! Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Onírùngbọ̀n jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní kí n dìde, àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé, 15
Wọ́n dé, gbogbo ọmọ abúlé tẹ̀lé wọn. Mo fọwọ́ ọ̀tún júwe. Baálẹ̀ bọ́ bàtà, wọ́n lóṣòó ti òkúta náà, wọ́n ní kí Adétutù ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kà á: ọ̀dàn, ẹṣin, igbó. Kò fo ọ̀kan.

Baba fọwọ́ kan òkúta náà. Wọ́n ní, “Nígbà náà, ọjọ́ tí mo gbé ìyá mi pọ̀n tí mo sá wọgbó…”

Adétutù ní, “Ẹ kì í ṣe ojo, Baba.”

Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín o, omi sì ń dà lójú wọn. Wọ́n ní kó tún un kà.